Ọwọ́ Òsì Títílayọ̀

Èékánná ni Múlíkátù, ìyàwó mi, ń gé fún ọmọ wa ní ọjọ́ ìkẹyìn tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jókòó. Bẹ́ǹṣì igi kan wà lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹbí rí aláìsàn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Wọn kì í jẹ́ kí a mú àlùmọ́gàjí wọ ibẹ̀, nítorí náà olórí àwọn nọ́ọ̀sì ló yá a ní kékeré kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù tó máa ń tì, ó sì dúró tì wá títí a fi dá a padà. Múlíkátù ní kí n bá òun di ọwọ́ òsì Títí mú, torí ó máa ń fa ìyẹn sẹ́yìn. Mo dì í mú. Ó gé e tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá rán mi létí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rìnlá, kì í ṣe mẹ́rìndínlógún tí mo rà lẹ́ẹ̀kan tó jẹ́ pé ó ń lu aṣọ níhò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ti ìrun àsùbá dé, ó ti ṣubú sí bálùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀, ìyẹn ni pé iṣan kan bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kò dé ilé ìwòsàn kó tó kú. A sin ín ní ọ̀sán ọjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ní agogo mẹ́ta, nígbà tí a ń bu yẹ̀pẹ̀ sí i, Títí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró dè é.

Kì í ṣe nítorí ikú yẹn nìkan ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń kọ ọ́ fún ẹni tó ní irú ọmọ tí a ní, tí wọ́n sì sọ fún un lónìí pé kó fi ọmọ náà sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn. Múlíkátù ló yẹ kó kọ ọ́. Òun ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi mọ bí a ṣe ń kọ ìwé lásán ni.

Ará Ìwó ni wá, ṣùgbọ́n ìlú Douala, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ta bàtà ní àdúgbò Deïdo títí ó fi kú. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyàwó mi ń rán aṣọ ilé ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé wa ní àdúgbò Makepe. Títílayọ̀ nìkan ni ọmọ tó yè fún wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì ni nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ké nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i. Ó pẹ́ kó tó rìn, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn dókítà ibí ń pè ní déficience intellectuelle ni. Ní èdè wa, mo máa ń sọ pé òye rẹ̀ kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ dàgbà. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìsàn tí èèyàn ń lo oògùn fún. Ẹni tó rí bẹ́ẹ̀ lè kọ́ nǹkan, bí ẹni tó ń kọ́ ọ bá ní sùúrù. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní àwọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ni kó máa ṣa àjákù aṣọ: búlúù sínú bàsíà, káákì sínú àpò, aláwọ̀ méjì sínú agbọ̀n. Kì í ṣì í.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo wọlé láti mu omi, mo sì rí i pé gbogbo àjákù náà ló wà pọ̀ nínú bàsíà kan ṣoṣo. Títí lóṣòó sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó ní ẹ̀rọ ń bú òun. Ẹnikẹ́ni kò sì lo ẹ̀rọ náà nígbà yẹn. Ìyá rẹ̀ ń wọn oníbàárà kan níta. Mo rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ bi í pé kí ni ẹ̀rọ ń sọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò rò pé irú èmi lè bèèrè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sùn mọ́. Á máa rìn láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé, á máa fèsì fún ẹni tí a kò rí. Ó ń gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ní wọ́n ti da kẹrosíìnì sí i. Àwọn èèyàn gbàdúrà fún wa, a sì dúpẹ́. Ẹnì kan ní kí a dè é mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyàwó mi sì ní kí ẹni náà dìde kúrò lórí àga òun. Èmi rò pé agídí ni. Mo bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń bá ọmọ kíláàsì sọ̀rọ̀: mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ tí kò gba omi pàápàá, ètè rẹ̀ ti là, ó sì ń gbọ̀n. A wọ takisí pẹ̀lú àwọn èrò mìíràn, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ mú kí awakọ̀ já wa sílẹ̀ nítòsí afárá. A gba òmíràn tí wọ́n ń pè ní dépôt, ìyẹn èyí tí kì í gbé ẹlòmíràn mọ́ ọ. Títí gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Mo jókòó níwájú. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

A dúró ní yàrá ìdúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ṣàlàyé pé ohun méjì ló wà lára ọmọ wa, kí a má ṣe pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni òye tí kò dàgbà, tí a ti mọ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní psychose: ọpọlọ á máa mú kí èèyàn gbọ́ ohùn tí kò sí, tàbí kó dá a lójú pé wọ́n fẹ́ pa òun, tí àlàyé kankan kò sì ní yí i lọ́kàn padà. Ẹni tí òye rẹ̀ pé lè ní i. Ẹni tí òye rẹ̀ kò pé náà lè ní i, ṣùgbọ́n tirẹ̀ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀, torí ohunkóhun tó bá ṣe, ilé á ní bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní èkejì yìí ní oògùn. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fa omi sí i lára. Òfin wọ́ọ̀dù náà ni pé ẹbí kò gbọ́dọ̀ wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, kí ara aláìsàn lè balẹ̀. Múlíkátù bẹ̀ wọ́n. Ó ní ọmọ yìí kò lè sọ tinú rẹ̀ fún àjèjì. Wọ́n ní àwọn mọṣẹ́ àwọn. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ jáde, torí mo jẹ́ ẹni tó máa ń bọ̀wọ̀ fún òfin.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn irin náà fún wa. Bẹ́ẹ̀dì méjìlá ló wà nínú wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lókè ògiri tí kì í sinmi, ilẹ̀kùn sì ń dún gbàgà nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí i, gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì á sì ta gìrì. Oúnjẹ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá lágbára á sì jẹ tirẹ̀ jẹ ti ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún aláìsàn ohun tó kàn: wọ́n kàn máa ń gbá a mú lápá ni. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà ní ọ̀sán. Mi ò kọ èyí láti bú wọn. Mo ti dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan rí, mo mọ ohun tí ariwo ń sọ ẹni tó fẹ́ ṣe rere dà.

Títí wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Wọ́n ti so ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ páálí kí abẹ́rẹ́ omi náà má bàa yọ. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ní ìlà pupa yíká. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan sọ fún wa láìfi bò pé Títí kì í gba oògùn, kì í gba ife, pé ó ti da omi nù nígbà mẹ́ta tó sì gbá ẹnì kan lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi de ọwọ́ tó kù mọ́ bẹ́ẹ̀dì, pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n tú u. Contention ni wọ́n ń pè é. Aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó ní àkókò tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà tí mo rí kò jọ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìwé ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ó ń kọ ìtọ́jú, pé oníjàgídíjàgan ni.

Ìyàwó mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bu omi sínú ife, ó nà án sí Títí. Títí wo ife náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra pẹ̀lú páálí, ó tún wálẹ̀. Ó wá ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ itan ara rẹ̀, ó jókòó lé e, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omijé ń bọ́.

Múlíkátù yíjú sí mi. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye òwú tó kù.

"Bàbá Títí, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò lè fi òsì gbà á ni."

Òsì ni Ọlọ́run dá mọ́ Títí. Láti kékeré, òsì ló fi ń mú ṣíbí, òun ló fi ń kí àlejò. Ojú ń tì mí. Mo rò pé bí òye rẹ̀ kò bá pé, ó kéré tán ìwà rẹ̀ á pé, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé a kò kọ́ ọ nílé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, mo sì mú rúlà igi ìyá rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Nígbàkígbà tí òsì bá yọ síwájú, mo máa ń sọ pé, "Òsì," lẹ́ẹ̀kan, láìpariwo, màá sì lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Kò le, kò sì rọ̀. Ọdún méjì ló gbà mí. Mi ò lè kọ́ ọmọ mi láti kà dé mẹ́wàá, èmi olùkọ́ ìṣirò, ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ ní èyí, kò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Mo ti fi yangàn lójú àwọn àlejò.

Ìbẹ̀rù kẹrosíìnì náà wà níbẹ̀, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbẹ̀rù bá fi í sílẹ̀ díẹ̀ tí òùngbẹ sì mú un, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un ni èyí tí mo ti kà léèwọ̀. Bí wọ́n bá fi ife sí i tipátipá, á jù ú nù bí ohun tó gbóná. Wọ́n wá de ọwọ́ náà. Bóyá ìyẹn tilẹ̀ tù ú lára.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Major bí wọ́n ti ń ṣe níbí, jẹ́ ẹ̀yà Bassa, obìnrin gìdìgbà tí kì í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi lọ bá a. Ó sọ fún un ní Faransé tí kò dán pé kó jọ̀ọ́, kó gbé abẹ́rẹ́ omi náà lọ sí òsì. Major ní kí ló kan abẹ́rẹ́. Múlíkátù ṣàlàyé. Major wò mí, kò wo ìyàwó mi. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí a tó kúrò, Títí fi ọ̀tún mu omi ife méjì, ó sì gbé oògùn rẹ̀ mì.

Láti ibẹ̀ ni Múlíkátù ti bẹ̀rẹ̀ ohun tó ṣe fún oṣù méjì tó kù láyé rẹ̀. Ó ní kí a kọ ìwé kan ṣoṣo, ojú ìwé kan péré, kí a gbé e kọ́ sí orí bẹ́ẹ̀dì: ohun tí Títí ń fẹ́, ohun tó ń bà á lẹ́rù, bí a ṣe máa ń mọ̀ pé inú ń dùn ún. Ó ń sọ, mo ń kọ ọ́ ní Faransé. Títí máa ń di etí kó tó bínú; bí ẹ bá rí i, ẹ mú un kúrò níbi ariwo. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ lóṣòó, ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ má parọ́ fún un. Bí nǹkan kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí. Nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ òsì, ó ní kí n kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ló fi rúlà kọ́ ọ. Mo kọ ọ́ pé, "Kì í lo ọwọ́ òsì." Ó kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó rán ọ̀rá mọ́ ọn létí kí omi má bàa bà á jẹ́.

Major kọ́kọ́ ní òun kò ní àkókò fún ìwé. Nígbà tó yá, a rí i tó ń kà á fún nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ẹbí àwọn aláìsàn yòókù kọ tiwọn. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, mo ń kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa tẹlifíṣọ̀n ní àsìkò oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì máa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣí ilẹ̀kùn irin. Ìyàwó mi rán tìmùtìmù aláwọ̀ búlúù kan tó nípọn, wọ́n tẹ́ ẹ sí igun tó kọjú sí fèrèsé, ẹni tí ariwo bá pọ̀ jù fún á lọ jókòó níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé Títí kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́, Mama Régine, ẹni tó sanra, tó máa ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Directeur, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé, ló ń pè mí. Bí mo bá wọlé, á ní, "Directeur, your pikin di fear me because I fine pass yi," ìyẹn ni pé ọmọ mi ń bẹ̀rù òun torí òun rẹwà jù ú lọ, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Múlíkátù ṣàkíyèsí pé ẹnikẹ́ni kì í wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú búrẹ́dì méjì wá dípò ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà, Mama Régine di ẹ̀ṣọ́ àwo Títí. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí i, á bú u ní èdè mẹ́ta.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ẹnì kan tọ̀ sórí tìmùtìmù náà, wọ́n fọ̀ ọ́, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tuntun bá dé láti wọ́ọ̀dù mìíràn, kì í ka ìwé kankan, ilẹ̀kùn á sì dún gbàgà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan, àìsàn Mama Régine pa dà sí i, ó sì lu Títí fúnra rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n tún de Títí lẹ́ẹ̀kan sí i. Oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀ pẹ̀lú: ó mú kí ẹsẹ̀ Títí má lè dúró lójú kan, ó ń rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó ń sunkún bó ṣe ń rìn. Wọ́n ní àìsàn náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ọkàn. Dókítà gbà pé òótọ́ ni, ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń fa ìyẹn, ó dín in kù. Bí kò bá sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìrìn ìbẹ̀rù àti ìrìn ẹsẹ̀, wọn ì bá fi kún un ni.

Ẹni yẹn ló kú.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, mo lọ sí wọ́ọ̀dù ní agogo mẹ́ta. Mo ti pinnu pé màá sọ pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò. Major dúró dè mí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ti sọ fún un. Kò kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Ó kàn tọ́ka sí ìwé tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì Títí, ó ní ohun tí ìyàwó mi ní kí àwọn máa ṣe ni àwọn máa ṣe, èmi náà sì ni. Ẹ má parọ́ fún un.

Títí wà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí àyè lè wà.

"Màámi dà?"

Mo lóṣòó. Orúnkún mi dún. Mo ní, "Màámi ti kú, Títí."

Ó rò ó. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Kò ní wá lọ́la."

"Ọ̀tunla?"

Mo ní kò ní wá. Ó ń bèèrè lọ báyìí, òun tí kò lè kà dé mẹ́wàá, mo sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tán, ó sún padà sí àárín bẹ́ǹṣì náà. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún, Mama Régine wá jókòó tì í, kò pè mí ní Directeur lọ́jọ́ yẹn. A retí pé àìsàn rẹ̀ á padà. Kò padà. Ó sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, dókítà sì ní kí a jẹ́ kó sunkún, pé ìbànújẹ́ kì í ṣe psychose.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n máa mú un lọ sílé. Ohùn náà ti dákẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí n tó kúrò, Major ní kí n tún ìwé Títí kọ, kí ẹ̀dà kan wà ní fáìlì bó bá di ọjọ́ mìíràn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kọ gbogbo rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọwọ́ òsì, mo fi kún un pé: bàbá rẹ̀ ló fi rúlà kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Major kà á, ó fi síbi tó yẹ.

Bí ẹ bá ní irú ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti kọ ìwé yín kí àìsàn tó dé, kí ẹ má sì bo ohun tó ń tì yín lójú. Ara ọmọ náà mọ ohun tí ẹ fi kọ́ ọ, yálà ẹ kọ ọ́ tàbí ẹ kò kọ ọ́. Mo ti sọ fún Títí lọ́pọ̀ ìgbà pé kó máa fi òsì gba nǹkan, pé èmi ni mo ṣì. Kò gbà. Ohun tí mo fi rúlà kọ kò ṣeé fi ẹnu pa rẹ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó bú èèyàn ní èdè mẹ́ta nítorí àwo ọmọ mi. Ẹni tí ọpẹ́ náà tọ́ sí jù lọ kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.

Nílé, Títí kò gba oògùn lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ló ń fún un tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn nọ́ọ̀sì. Èmi ni ẹni tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí ó bá fi lè tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò lò ó, ohùn náà lè padà, wọ́ọ̀dù á sì tẹ̀ lé e, ta sì ni yóò mọ ìrìn ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ìrìn ìbẹ̀rù nígbà yẹn? Ọjọ́ kìíní, ó yíjú sí ògiri. Ọjọ́ kejì, mo fi sínú ẹ̀bà, ó rí i, ó gbé àwo sábẹ́ tábìlì. Ọjọ́ kẹta bákan náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo jókòó sílẹ̀ ti Títí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n àjákù aṣọ. Èmi náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ìgbà ikú ìyá rẹ̀. Mo fi ìgò omi sáàárín wa, àti ife kan. Ó rẹ̀ mí débi tí mi ò ṣọ́ra: ife wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, mo sì fi òsì mú oògùn tèmi láti inú ọ̀rá.

"Òsì," ni Títí wí.

Lẹ́ẹ̀kan ni, láìpariwo. Ohùn mi ni.

Mo gbójú sókè. Ó ti dìde. Ó lọ sí ibi ẹ̀rọ, ó mú rúlà igi ìyá rẹ̀ wá, ó sì lóṣòó síwájú mi. Mo gbé oògùn náà kalẹ̀, mo na ọwọ́ òsì mi sí i, mo tẹ́ ẹ. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Kò le, kò sì rọ̀. Ó yẹ ojú mi wò bóyá mo gbọ́.

Mo ní mo gbọ́. Mo fi ọ̀tún gbé oògùn mi, mo gbé e mì. Mo fi ọ̀tún mú tirẹ̀, mo nà án sí i. Ó fi rúlà sábẹ́ abíyá, ó fi ọ̀tún gbà á, ó mu omi, ó sì la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè kí n rí i, bí Major ti kọ́ ọ.

Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ahọ́n náà. Mo fọ ife, mo dojú rẹ̀ dé orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, Títí sì jókòó, ó da agbọ̀n sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa búlúù.